Ọkọ̀ Ìṣọ́ àti Ààbò Ohun Inú Omi: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Ará Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Ìdí tí ọ̀rọ̀ òkun fi kan ará òkè

Ìlobùú, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn, àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Oròlú, jìnnà sí etí òkun, ìròyìn pé ìjọba kan ti ti ọkọ̀ tuntun sómi láti máa ṣọ́ ọgbà inú òkun sì lè dún létí àwọn tí ń gbé níbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ tí ó kan àwọn ará Ìlàjẹ, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì nìkan. Ṣùgbọ́n kòtè, títùsì, ṣáwá àti pánla tí àwọn ẹlẹ́ja ń pàtẹ lọ́jọ́ ọjà, ẹja òkun ni gbogbo wọn, iye tí wọ́n ń tà wọ́n kò sì ṣẹ̀yìn bí ẹja ṣe pọ̀ tó níbi tí wọ́n ti pa wọ́n. Lára ẹja tí a ń kó wọ Nàìjíríà nínú yìnyín ni èyí tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá pa nínú omi Mauritáníà, orílẹ̀-èdè tí ó ní ọ̀kan nínú àwọn ọgbà inú òkun tí ó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ọ̀nà kejì tí ọ̀rọ̀ náà fi kan ará òkè ni omi fúnra rẹ̀. Odò Erinlẹ̀ ń ṣàn wọ inú Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun ń ṣàn gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá títí dé ọ̀sà Lẹ́kí, omi ọ̀sà náà sì ní ọ̀nà dé òkun, nítorí náà májèlé tí ẹnìkan bá dà sódò ní àgbègbè yìí kì í dúró síbi tí a dà á sí. Ìwé yìí ṣàlàyé ohun tí ọgbà inú òkun jẹ́, iṣẹ́ tí ọkọ̀ ìṣọ́ ń ṣe gan-an, òfin Nàìjíríà tí ó kan án, àti ohun tí ó yẹ kí àwọn tí ń gbé ní bèbè Erinlẹ̀ rí mú nínú rẹ̀. Èrò tí ó gbé e ró ni pé ọkọ̀ nìkan kì í dáàbò bo omi. Epo, òfin, òṣìṣẹ́ tí ń gba owó rẹ̀ lásìkò, àti apẹja tí ó gbà pé tòun ni ohun tí a ń ṣọ́, ni ó ń sọ ọkọ̀ di ìṣọ́.

Ohun tí a ń pè ní ọgbà inú òkun

Ọgbà inú òkun ni apá òkun tí ìjọba fi òfin yà sọ́tọ̀, tí a fa ààlà rẹ̀ sórí máàpù, tí a sì ka àwọn iṣẹ́ kan léèwọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹja lè rí ibi yé ẹyin sí, kí àwọn ọmọ wọn sì lè dàgbà kí àwọ̀n tó kó wọn. Kì í ṣe inú gbogbo rẹ̀ ni a ti ń ka ẹja pípa léèwọ̀ pátápátá: nínú àwọn kan, apẹja ìbílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti fi ọkọ̀ kékeré pa ẹja, ọkọ̀ ńlá ni kò gbọdọ̀ wọlé, nínú àwọn mìíràn, a pín omi náà sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, apá kan fún ẹja pípa, apá kan fún àwọn tí ó wá gbafẹ́, apá kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ohun tí ó mú un nira láti ṣọ́ ju ọgbà orí ilẹ̀ lọ ni pé kò sí ọ̀nà kan tí a lè dí. Àwọn olùṣọ́ Old Oyo National Park, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991, lè lúgọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì lè tọ ipasẹ̀ ọdẹ dé ibi tí ó ba sí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í fi ipasẹ̀ sílẹ̀ lójú omi, èyí tí ó bá sì wọlé lóru lè ti kó ẹrù rẹ̀ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Èrò pé kí a ya omi sọ́tọ̀ kò ṣàjèjì ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nínú Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo, tí àjọ UNESCO fi kún àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, a kì í pa ẹja, a kì í ṣọdẹ, a kì í sì í gé igi, èèwọ̀ náà sì ti wà tipẹ́ kí UNESCO tó dá sí i. Ìlobùú ni ìlú tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ òrìṣà Erinlẹ̀ jù lọ, ọdẹ àti oníṣègùn tí ìtàn sọ pé ó di odò, tí àwọn olùsìn rẹ̀ ń tọ́jú òkúta inú odò náà sínú àwo ota, tí orúkọ rẹ̀ sì bá àwọn ẹrú rékọjá òkun dé Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Inle. Ohun tí òfin ìgbàlódé fi kún irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ààlà tí a lè wọ̀n, owó ìtanràn, àti òṣìṣẹ́ tí ó ní àṣẹ láti mú arúfin. Ohun tí ó sì máa ń sọnù níbẹ̀ ni ìbẹ̀rù tí ó ń mú kí ènìyàn pa èèwọ̀ mọ́ níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó o.

Ọgbà Banc d'Arguin ní Mauritáníà ni àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. A dá a sílẹ̀ ní 1976, UNESCO fi kún àkójọ rẹ̀ ní 1989, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bí 12,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, tí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ omi òkun tí kò jìn, níbi tí àìmọye ẹyẹ tí ń ti ilẹ̀ Yúróòpù sá fún òtútù ti máa ń wá jẹ. Àwọn Imraguen, tí wọ́n ti ń pa ẹja létí òkun yẹn láti ayébáyé, nìkan ni òfin gbà láyè láti pa ẹja nínú rẹ̀, ọkọ̀ ìgbòkun tí atẹ́gùn ń tì ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ lò, nítorí a ka ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì léèwọ̀ fún ẹja pípa níbẹ̀. Èrè òfin yìí kì í ṣe ti ẹja nìkan. Ó mú iṣẹ́ ìṣọ́ rọrùn lọ́nà tí owó kò lè rà, torí pé nígbàkígbà tí ìró ẹ́ńjìnnì bá dún láàárín ọgbà náà, yálà ti àwọn olùṣọ́ ni, tàbí ti ẹni tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀, apẹja tí ó jókòó sínú ọkọ̀ ìgbòkun rẹ̀ sì lè mọ ìyàtọ̀ láìní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́.

Gàbọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2002, orílẹ̀-èdè náà dá ọgbà orílẹ̀-èdè 13 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú wọn, Mayumba, sì wọ inú òkun lọ ní kìlómítà 15 láti dáàbò bo àwọn alábahun òkun tí ń gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn. Ní 2017, ìjọba kéde ọgbà àti ibi ààbò 20 nínú omi, tí àpapọ̀ wọn tó 53,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, èyí tí í ṣe ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún omi orílẹ̀-èdè náà. Kí ìkéde yẹn tó wáyé ni iṣẹ́ ìṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí láti 2016 ni ẹgbẹ́ Sea Shepherd, ẹgbẹ́ aládàáni tí ń gbèjà ohun inú òkun, ti ń mú ọkọ̀ ńlá wá síbẹ̀. Ọkọ̀ àti àwọn atukọ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun Gàbọ́n àti àwọn olùyẹ̀wò ẹja pípa ti ìjọba rẹ̀ tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ ni ó ní àṣẹ láti gun ọkọ̀ ẹlòmíràn, láti yẹ ẹrù wò, àti láti mú arúfin. Ètò yìí so èso, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yá ènìyàn lọ́kọ̀ lè gba ọkọ̀ rẹ̀ padà lọ́jọ́ tí ó bá wù ú, kò sì yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan kọ́ ààbò omi rẹ̀ lé orí àánú àlejò títí láé.

Iṣẹ́ tí ọkọ̀ ìṣọ́ ń ṣe

Ọkọ̀ ìṣọ́ ni ọkọ̀ ojú omi tí a ṣe láti máa rìn káàkiri inú omi kan, kí ó lè rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ó lè lé ọkọ̀ mìíràn bá, kí ó sì lè gbé àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ní àṣẹ dé ibi tí a ti ń rú òfin. Ìwé ìròyìn máa ń da ohun méjì pọ̀ tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Títì ọkọ̀ sómi ni ọjọ́ tí àwọn tí ó kàn án kọ́kọ́ jẹ́ kí ara rẹ̀ kan omi, nígbà tí ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ inú rẹ̀ má tíì pé. Gbígbà á sẹ́nu iṣẹ́ ni ọjọ́ tí a gbé e lé ọ̀gá ọkọ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú àsíá àti àwọn atukọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ méjèèjì ni ìlù máa ń dún, tí àwọn olóyè máa ń sọ̀rọ̀, tí a sì máa ń ya fọ́tò, ṣùgbọ́n kò sí ẹja kankan tí a tíì gbà là.

Iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kò sì ní ariwo nínú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi rédà wo ọkọ̀ tí ń bẹ lọ́nà jíjìn, wọ́n ń fi ẹ̀rọ GPS, ẹ̀rọ tí ń sọ ibi tí nǹkan wà ní pàtó, mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà ti ré ààlà ọgbà kọjá, wọ́n ń ké sí i lórí rédíò, bí ó bá sì dúró, wọ́n ń gun un láti yẹ ìwé àṣẹ rẹ̀ wò, láti fi ìwọ̀n wọn ojú àwọ̀n rẹ̀, àti láti ṣí yàrá yìnyín rẹ̀ wo irú ẹja tí ó kó. Ojú àwọ̀n ni àlàfo tí ó wà láàárín okùn àti okùn. Bí ó bá ti kéré jù, àwọn ọmọ ẹja tí kò tíì yé ẹyin rí kò ní lè jáde nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí a bá rí ni a gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, nítorí ẹjọ́ tí kò ní àkọsílẹ̀ tí ó yanjú, kì í ṣòro fún adájọ́ láti da irú rẹ̀ nù. Bí àwọn aráàlú bá tilẹ̀ rò pé ìbọn ni ohun ìjà tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ọkọ̀ ìṣọ́, ìwé àkọsílẹ̀ ni ó ń fi ẹjọ́ jẹ́ ẹjọ́.

Lóde òní, sátẹ́láìtì, ẹ̀rọ tí ń yí ayé po lókè réré, ń ran irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá ni òfin fi dandan lé pé kí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ tí ń kéde orúkọ àti ibi tí wọ́n wà, kí àwọn tí ó jókòó sí ọ́fíìsì lè máa fojú bá wọn lọ. Arúfin lè pa ẹ̀rọ náà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ó bá pa á ní ẹ̀gbẹ́ ààlà ọgbà, ìparọ́rọ́ yẹn fúnra rẹ̀ ti di àmì, a ó sì lè rán ọkọ̀ ìṣọ́ lọ tààrà dípò kí ó máa jó epo káàkiri.

Òfin àti ọkọ̀ tí Nàìjíríà ní

Àdéhùn òfin òkun ti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, tí a fọwọ́ sí ní 1982, fún orílẹ̀-èdè etí òkun ní omi tirẹ̀ tí ó lọ títí dé máìlì òkun 12, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ lórí ẹja àti ohun àlùmọ́ọ́nì títí dé máìlì òkun 200. Máìlì òkun kan jẹ́ kìlómítà 1.852. Ní Nàìjíríà, òfin ẹja pípa inú òkun ti 1992 fi dandan lé pé kí ọkọ̀ ńlá gba ìwé àṣẹ, ó ka lílo ohun abúgbàù àti májèlé léèwọ̀, ìlànà tí ó tẹ̀lé e kò sì gba ọkọ̀ tírọ́là, ìyẹn ọkọ̀ tí ń wọ́ àwọ̀n ńlá nílẹ̀ òkun, láyè láti ṣiṣẹ́ láàárín máìlì òkun 5 sí etí ilẹ̀, torí pé àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré ni ó ni ibẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2023 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ òkun àti ọrọ̀ ajé inú omi sílẹ̀, mínísítà tí a sì kọ́kọ́ yàn síbẹ̀ ni Adégbóyèga Oyètọ́lá, ọmọ Ìràgbìjí, tí ó ti ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti 2018 sí 2022. Bí àwọn ará Ọ̀ṣun bá ń wí pé ọ̀rọ̀ òkun kò kan àwọn, ó yẹ kí wọ́n rántí èyí.

Ní ti ọkọ̀, Ilé Iṣẹ́ Ológun Ojú Omi ti kan àwọn kan fúnra rẹ̀ ní ọgbà ìkànkọ̀ rẹ̀ ní Èkó: NNS Andoni, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 31, wọ ẹnu iṣẹ́ ní 2012, NNS Karaduwa tẹ̀lé e ní 2016, NNS Oji sì dé ní 2021. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà 2021, ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, ṣí ètò tí a ń pè ní Deep Blue ní Èkó lábẹ́ NIMASA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ìrìnnà àti ààbò ojú omi, ètò tí ó ní ọkọ̀ ńlá 2, ọkọ̀ asáré 17, bàálù 2 àti hẹlikọ́pítà 3. Àwọn ajalèlókun àti ajínigbé ni wọ́n torí rẹ̀ ra gbogbo nǹkan wọ̀nyí, kì í ṣe ẹja. Síbẹ̀ ọkọ̀ tí ó lè lé ajalèlókun bá lè lé tírọ́là tí ó rú òfin bá pẹ̀lú, bí a bá fún un ní iṣẹ́ náà.

Ohun tí ó ń bọ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn ayẹyẹ

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìṣọ́ fi ń di ohun ìríran kò fara sin. Owó tí a fi rà á máa ń wá láti inú ìnáwó pàtàkì tàbí ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n owó epo, ti ẹ́ńjìnnì tí a ó máa tún ṣe, ti oúnjẹ àti owó oṣù àwọn atukọ̀ gbọ́dọ̀ máa wá lọ́dọọdún láti inú ètò ìṣúná tí kò sí ẹni tí ń ya fọ́tò rẹ̀. Omi iyọ̀ kì í sì í dúró de ìjọba, ó ń jẹ irin lójoojúmọ́ yálà ọkọ̀ náà rìn tàbí kò rìn. Nítorí náà, nígbà tí aráàlú bá gbọ́ pé a ti ti ọkọ̀ ìṣọ́ sómi, ìbéèrè tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé e ni iye ọjọ́ tí ọkọ̀ náà yóò wà lójú omi lóṣù, ẹni tí yóò san owó epo rẹ̀ ní ọdún kẹta, àti ilé ẹjọ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ó bá mú.

Àwọn apẹja ìbílẹ̀ ni ojú tí ọkọ̀ ìṣọ́ kò lè rí san. Wọ́n wà lójú omi ṣáájú rẹ̀, wọn kì í sùn lọ́ọ́fíìsì, wọ́n sì mọ ọkọ̀ àjèjì. Bí a bá yan ọgbà sórí omi wọn láìbá wọn jíròrò, àwọn kan náà ni yóò máa ta àwọn arúfin lólobó pé àwọn olùṣọ́ ń bọ̀. Bí a bá fún wọn ní ẹ̀tọ́ tí ọkọ̀ ńlá kò ní, bí Mauritáníà ti ṣe fún àwọn Imraguen, ire tiwọn ni wọn yóò máa ṣọ́.

Erinlẹ̀

Odò Erinlẹ̀ kì í ṣe òkun, ìwé yìí kò sì ń dábàá ọkọ̀ ológun fún un. Dáàmù tí a ṣe sórí rẹ̀ ní ìtòsí Ẹdẹ dá adágún ńlá kan sílẹ̀ tí ilé iṣẹ́ omi ìjọba ti ń fa omi tí ó ń pín fún Ẹdẹ, Òṣogbo àti àwọn ìlú àyíká, àwọn apẹja sì ń ná àwọ̀n nínú rẹ̀. Omi tí àwọn ènìyàn ń mu ni, ọ̀rọ̀ ìṣọ́ rẹ̀ sì ju ti ẹja lọ.

Òfin ẹja pípa inú odò àti adágún, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992, ka májèlé, ohun abúgbàù àti iná mànàmáná léèwọ̀ fún ẹja pípa. Májèlé tí orúkọ rẹ̀ gbalẹ̀ jù nínú iṣẹ́ burúkú yìí ni Gamalin 20, oògùn tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá fi ń pa kòkòrò tí ń ba kòkó jẹ́ láyé àtijọ́. Kẹ́míkà tí ó wà nínú rẹ̀, tí a ń pè ní lindane, wà lára èyí tí àdéhùn Stockholm fi kún àwọn kẹ́míkà tí a ó mú kúrò nílò ní 2009, nítorí ó máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀ àti omi, ó máa ń kó jọ sínú ọ̀rá ara ẹranko àti ènìyàn, ó sì lè ba ètò iṣan ara jẹ́. Ẹni tí ó bá dà á sódò yóò rí ẹja kó ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n yóò pa ẹyin, ọmọ ẹja, akàn àti kòkòrò tí àwọn ẹja ìyókù ì bá jẹ, àwọn tí ó bá sì ra ẹja náà yóò kó májèlé lọ sílé. Sísè tàbí yíyan kì í mú un kúrò lára ẹja tán.

Fún omi bí Erinlẹ̀, ọkọ̀ kékeré kan tí ó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, òṣìṣẹ́ ẹja pípa kan tí ó mọ òfin, àti àwọn apẹja méjì mẹ́ta tí ó mọ omi náà, ti tó láti máa yẹ àwọ̀n wò kí wọ́n sì máa bu omi lọ fún àyẹ̀wò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ inú ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ì báà jẹ́ òmùwẹ̀. Odò kì í tẹ̀lé ààlà ilẹ̀, nítorí náà ìṣọ́ tí Ìlobùú bá dá ṣe láìsí Ìfọ́n, tàbí tí Ìfọ́n bá dá ṣe láìsí Ìlobùú, kì yóò kọjá ìdajì iṣẹ́, ohun yòówù kí àríyànjiyàn tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ jẹ́; omi ni ibi tí ó rọrùn jù tí wọ́n fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ẹni tí ó bá rí i tí ẹja púpọ̀ kú léfòó lójijì, tàbí tí omi yí àwọ̀ padà tí ó sì ń rùn bí oògùn, kò gbọdọ̀ kó ẹja náà jẹ, kò sì gbọdọ̀ tà á. Kí ó kìlọ̀ fún àwọn tí ń pọn omi ní ìsàlẹ̀ odò lójú ẹsẹ̀, kí ó kọ ibẹ̀ àti àkókò tí ó rí i sílẹ̀, kí ó sì lọ sọ fún ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn tàbí ẹ̀ka ìlera ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn ní Ìlobùú, tàbí ti Oròlú ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Bí ẹnikẹ́ni bá ti mu omi náà tàbí tí ó ti jẹ ẹja náà, tí orí sì ń fọ́ ọ, tí ó ń bì, tàbí tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kí a má ṣe fi epo pupa tọ́jú rẹ̀ nílé. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara, kí a sì mú agolo oògùn náà dání bí a bá rí i.